Àpólà àpọ́nlé àbájáde ìkẹyìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àpólà àpọ́nlé àbájáde ìkẹyìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀rọ̀ àti àkójọpọ̀ ọ̀rọ̀ tí elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan já sí, tàbí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn lẹ́yìn ìdúró, àríyànjiyàn, ìyípadà ọkàn tàbí wàhálà. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn ni "finally", "at last", "in the end", "eventually", "ultimately", "in the long run", "after all" àti "at the end of the day". "Níkẹyìn" tàbí "nígbẹ̀yìn" ni a sábà máa ń fi túmọ̀ púpọ̀ nínú wọn sí èdè Yorùbá. Ìtumọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó bo ìyàtọ̀ kan mọ́lẹ̀: àpólà tí ènìyàn bá yàn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi hàn bóyá ó ti ń retí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, bóyá inú rẹ̀ dùn sí i, àti bóyá ohun náà yàtọ̀ sí èyí tí ó ti rò tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣi àpólà yàn kò rú òfin gírámà, nítorí náà kò sí ohun tí yóò ta á lólobó pé òun ti ṣe àṣìṣe. Ohun tí kò ní lọ́kàn ni yóò kàn sọ. Ẹni tí ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn pé "At last, Papa died" ti sọ, láìmọ̀, pé ó pẹ́ tí wọ́n ti ń retí kí bàbá náà kú.

Ipò wọn nínú gírámà

Ní ti ìrísí, oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ẹyọ kan tí a ṣẹ̀dá nípa fífi "-ly" kún ọ̀rọ̀ mìíràn: "finally", "eventually", "ultimately", "lastly". Àwọn yòókù jẹ́ àpólà tí ọ̀rọ̀ atọ́kùn ṣáájú nínú rẹ̀: "at last", "in the end", "in the long run", "after all". Ìrísí yìí kò sọ púpọ̀ nípa ìtumọ̀ wọn. "Finally" sún mọ́ "at last" ju bí ó ti sún mọ́ "ultimately" lọ.

Ní ti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, Randolph Quirk, Sidney Greenbaum, Geoffrey Leech àti Jan Svartvik, nínú ìwé A Comprehensive Grammar of the English Language tí ó jáde ní ọdún 1985, pín gbogbo ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ àpọ́nlé nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà mẹ́rin. Méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù. Èkíní, tí wọ́n pè ní adjunct, wà nínú gbólóhùn gan-an, ó sì ń sọ ìgbà, ibi tàbí ọ̀nà tí ìṣẹ̀lẹ̀ gbà wáyé. Èkejì, tí wọ́n pè ní conjunct, ń so gbólóhùn kan mọ́ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. "Finally" lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nínú "The rain finally stopped", ìgbà ni ó ń sọ: òjò dá lẹ́yìn tí ó ti rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nínú "Finally, add the salt", kò sí ẹni tí ó ń dúró de iyọ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé iyọ̀ ni ó kẹ́yìn nínú ètò oúnjẹ náà.

"Lastly" kì í ṣe ju iṣẹ́ kejì yìí lọ, "at last" ní tirẹ̀ kì í sì í ṣe é rárá. Ibí yìí ni àṣìṣe kan tí a máa ń rí nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wá. Nígbà tí wọ́n bá dé ìpínrọ̀ ìparí, wọ́n á kọ ọ́ pé "At last, I advise the government to repair our roads". Ohun tí gbólóhùn yìí ń sọ ni pé ó pẹ́ tí akọ̀wé ti ń wá àyè láti gba ìjọba nímọ̀ràn, àti pé àyè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni. "Finally" tàbí "lastly" ni ó yẹ níbẹ̀.

Ipò wọn nínú gbólóhùn tún yàtọ̀. "Finally" àti "eventually" fẹ́ràn àárín gbólóhùn, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́-ìṣe: "She has finally arrived". "In the end" sábà máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí. Nínú kíkọ sílẹ̀, kọ́mà a máa tẹ̀ lé èyí tí ó bá ń ka ètò ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn.

"At last" àti "in the end"

Àárín àwọn àpólà méjì yìí ni ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù wà. Michael Swan, nínú ìwé Practical English Usage tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1980, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kúntẹni.

"At last" gbé ìdúró dání. Ẹnìkan ń retí nǹkan, nǹkan náà pẹ́, ìdúró náà di ìnira, lẹ́yìn náà ohun tí ó ń retí dé. "At last the results are out" ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ń wo ojú ọ̀nà fún èsì ìdánwò rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ènìyàn lè dá àpólà yìí nìkan pè gẹ́gẹ́ bí igbe ayọ̀: bí iná mànàmáná bá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, "At last!" bá a mu, "Finally!" náà sì bá a mu. Kò sí ẹni tí yóò kígbe "In the end!".

"In the end" kò ní ìdúró nínú. Ìyípadà àti àròjinlẹ̀ ni ó gbé dání: ọ̀nà pọ̀, èrò pọ̀, ohun púpọ̀ ṣẹlẹ̀, ibi tí gbogbo rẹ̀ wá já sí nìyí. "We looked at six houses, but in the end we stayed where we were." Àwọn ènìyàn náà kò retí láti dúró sí ibi tí wọ́n wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn gbé wọn padà sí. Bí a bá fi "at last" sí ibẹ̀, gbólóhùn náà yóò di ohun tí ó ṣòro láti lóye. "In the end" kò sì sọ bóyá inú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dùn tàbí inú rẹ̀ bàjẹ́.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ikú fi le. Kì í ṣe pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ka "at last" léèwọ̀ níwájú ikú. Òǹkọ̀wé lè mọ̀ọ́mọ̀ lò ó fún ẹni tí àìsàn ti fi ojú rẹ̀ rí màbo, láti sọ pé ó ti sinmi. Ṣùgbọ́n òun ni ó yàn án, ẹni tí ó bá kà á yóò sì mọ̀ pé ìsinmi ni ó ń sọ. Bí ẹni tí ń kọ lẹ́tà kò bá ní èyí lọ́kàn, ohun tí ó dára jù ni kí ó má lo àpólà kankan rárá: "Papa died on Tuesday after a long illness" ti tó.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn oníròyìn pẹ̀lú. "At last the court jailed the chairman" ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ó sọ pé ó yẹ kí wọ́n ti ju alága náà sẹ́wọ̀n tipẹ́. "In the end the court jailed the chairman" sọ ibi tí ẹjọ́ parí sí, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ń kàwé. Nínú ìròyìn, ọ̀rọ̀ méjì péré yìí lè mú kí a fi ẹ̀sùn ojúsàájú kan ìwé ìròyìn.

Ó tún yẹ kí a ya "in the end" sọ́tọ̀ kúrò lára "at the end". Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ń tọ́ka sí ibi tàbí ìgbà tí nǹkan parí, "of" a sì máa tẹ̀ lé e: "at the end of the street", "at the end of the film". Bí ẹnìkan bá sọ nípa fíìmù kan pé "At the end, she marries him", ìran tí ó kẹ́yìn ni ó ń sọ. Bí ó bá sọ pé "In the end, she marries him", ohun tí ó ń sọ ni pé lẹ́yìn gbogbo ìjà àti ìyapa, ọkùnrin yìí náà ni obìnrin náà fẹ́, ì báà jẹ́ ní àárín fíìmù ni ìgbéyàwó náà ti wáyé.

"Eventually"

"Eventually" sọ pé nǹkan gba àkókò tàbí pé ìdíwọ́ wà lọ́nà, ṣùgbọ́n kò sọ pé ẹnìkan ń fi ìháragàgà dúró dè é. "Eventually the mechanic found the fault" kò fi ayọ̀ tàbí ìbínú hàn. Ó tún yàtọ̀ sí "at last" ní ti àsìkò: ó bá ọjọ́ iwájú lọ dáadáa. "That wall will eventually fall" dára. "That wall will fall at last" dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ògiri náà ti ń dí lọ́nà.

Ibi tí "eventually" ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù fún ẹni tí ó ń sọ Yorùbá ni ìyísódì. "Níkẹyìn, kò wá" jẹ́ gbólóhùn tí ó dán mọ́rán lédè Yorùbá, nítorí náà a máa ń gbọ́ "Eventually, he did not come" lẹ́nu àwọn tí ó fi Yorùbá ronú kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Etí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ kì í sábà gbà á. "Eventually" ń kéde pé ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdádúró. Bí ẹnìkan kò bá wá, kò sí ìṣẹ́jú kan pàtó tí àìwá náà dé. "In the end, he did not come" ni wọ́n máa ń sọ, torí pé àìwá lè jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ṣùgbọ́n bí ìyísódì náà bá jẹ́ ìyípadà gan-an, "eventually" gbà á: "Eventually she could no longer walk" sọ pé ìgbà kan dé tí agbára ìrìn tán. Bóyá àṣìṣe ni kí a pe "Eventually, he did not come" tàbí àbùdá Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ ìdánwò kò nílò láti dá sí àríyànjiyàn náà. "In the end" kò ní kó o sí ìyọnu.

Fún àwọn Yorùbá ilẹ̀ Bénin àti Tógò, tí ó jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwé, ìṣòro mìíràn ni ó wà. Ọ̀rọ̀ Faransé náà "éventuellement" jọ "eventually" ní ojú, wọn kò sì jọ ní ìtumọ̀. "Éventuellement" túmọ̀ sí "bóyá" tàbí "bí ó bá ṣeé ṣe". Ẹni tí ó sọ pé "Je paierai éventuellement" kò ṣèlérí. Ohun tí ó ń sọ ni pé òun lè san owó náà, òun sì lè má san án. Ẹni tí ó sọ pé "I will eventually pay" ti jẹ́wọ́ pé òun yóò san án, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Láàárín oníṣòwò ará Kétu àti oníṣòwò ará Èkó, ìyàtọ̀ yìí tó ohun tí ó lè gbé ènìyàn dé kóòtù. "Eventuell" ti èdè Jámánì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Faransé. Orísun kan náà ni gbogbo wọn ti wá, ìyẹn ọ̀rọ̀ Látìnì "eventus", ohun tí ó jáde wá. Faransé àti Jámánì di ohun tí ó lè jáde mú. Gẹ̀ẹ́sì òde òní di ohun tí ó jáde ní tòótọ́ mú.

Àwọn yòókù

"After all" ní iṣẹ́ méjì, ipò rẹ̀ nínú gbólóhùn ni ó sì sábà máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ìparí, ó ń sọ pé àbájáde yàtọ̀ sí ìrètí: "So you came after all" ni a ń sọ fún ẹni tí a ti rò pé kò ní wá mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí ni ó ń sọ: "Give him some food, after all, he is your brother". Yorùbá ní ohun tí ó bá èyí dọ́gba gan-an, "ó ṣe tán": fún un ní oúnjẹ, ó ṣe tán, àbúrò rẹ ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni "after all". Kíkọ ọ́ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti máa ń ṣe, kò tọ̀nà.

"In the long run" ń fi àkókò gígùn wé àkókò kúkúrú. Ẹni tí ó sọ pé bàtà olówó ńlá dínwó "in the long run" gbà pé ó wọ́n lónìí. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé fẹ́ràn rẹ̀, débi pé John Maynard Keynes fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nínú A Tract on Monetary Reform ní ọdún 1923, ó ní àpólà náà kì í ran ẹni tí ó wà nínú ìṣòro lónìí lọ́wọ́.

"Ultimately" kì í fi gbogbo ìgbà sọ nípa àkókò. Nínú "Ultimately, the decision is yours", kò sí ohun tí ó pẹ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, ọwọ́ rẹ ni ìpinnu wà.

"At the end of the day" ti rẹ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Nínú ìbò tí Plain English Campaign ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 2004, òun ni ó gba ipò kìíní láàárín àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń bí ènìyàn nínú jù. Èyí kò dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́, àgàgà lórí rédíò. Aburú rẹ̀ kan ni pé ó ṣì ní ìtumọ̀ gidi, ìyẹn ìrọ̀lẹ́, nítorí náà "At the end of the day we were paid" lè jẹ́ kí ẹni tí ń gbọ́ máa rò ó bóyá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba owó tàbí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀yà kan wà tí kì í ṣe àpólà àpọ́nlé lásán bí kò ṣe awẹ́ gbólóhùn, èyí tí "only to" bẹ̀rẹ̀: "He ran to the station, only to find that the train had gone". Àbájáde tí ó já ènìyàn kulẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi í sọ. Ó jọ pé èpìnnú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí. Kò sí ẹni tí ń sáré nítorí kí ọkọ̀ ojú irin lè fi í sílẹ̀.

Ìtàn

"Last" nínú "at last" ni ìpele tí ó ga jù lọ fún "late" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìyẹn ohun tí ó pẹ́ jù. "End" náà jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. "Final" àti "ultimate" wá láti inú Látìnì, èyí àkọ́kọ́ láti ara "finis", òpin, èkejì láti ara "ultimus", ohun tí ó jìnnà jù.

Ìmọ̀lára ayọ̀ tí ó wà nínú "at last" lónìí kò sí nínú ìbátan rẹ̀ àtijọ́, "at the last". Bíbélì King James ti ọdún 1611 lò ó nínú Òwe 23:32, níbi tí ó ti ń kìlọ̀ nípa ọtí, ohun tí ó sì ń bọ̀ lẹ́yìn níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń retí. "At length" pẹ̀lú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ní òde òní, "ní kíkún" ni ó sábà túmọ̀ sí. "At long last" wà síbẹ̀, ó sì wúwo ju "at last" lọ. Òun ni Edward Kẹjọ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1936, lẹ́yìn tí ó ti kọ adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀.

Ìtumọ̀ sí èdè Yorùbá

"Níkẹyìn", "nígbẹ̀yìn", "nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín" àti "lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn" ní "ẹ̀yìn" nínú gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì ń wo òpin. Yorùbá ń wo ẹ̀yìn, ohun tí ó tò sẹ́yìn àwọn yòókù. Ètò ni àwọn ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, wọn kì í sì í sọ bí ọkàn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti rí. Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "at last" àti "in the end". Ibòmíràn ni ó gbé e sí, ìyẹn sí ara àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe.

"Jàjà" ni ó bá "at last" mu jù. "Ọkọ̀ jàjà dé" sọ ìdúró, ó sọ ìnira, ó sì sọ ìtura: "The bus came at last". "Padà" ni ó sún mọ́ "in the end" àti "after all": "Ó padà ta ilẹ̀ náà" sọ pé ẹni náà ti kọ̀ láti tà á tẹ́lẹ̀, tàbí pé ó ti ń ṣiyèméjì. "Wá" a máa kún "padà" nígbà tí òtítọ́ bá hàn lẹ́yìn ohun tí a ti rò: "Ó padà wá jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni". "Já sí" ń ṣe iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀, bí a ti rí i nínú "Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí", tí Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ báyìí: "In the end it all came to nothing".

Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ní láti wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe kí ó tó yan àpólà, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn níbi tí "níkẹyìn" wà. "Níkẹyìn, ó jàjà gba físà" yóò di "At last he got the visa". "Níkẹyìn, ó padà gba físà" lè di "In the end he got the visa". "Padà" ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí òun náà ni ọ̀rọ̀ ìṣe fún bíbọ̀ wá síbi tí a ti kúrò. "Adé padà ra mọ́tò náà" lè jẹ́ pé Adé lọ, ó bọ̀, ó sì ra mọ́tò, ó sì lè jẹ́ pé ó rà á lẹ́yìn tí ó ti ní òun kò rà á mọ́. Ohun tí wọ́n ti sọ ṣáájú nìkan ni yóò jẹ́ kí a mọ èyí tí ó jẹ́.

Ní ti lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, "jàjà" ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tí ó ń sọ Yorùbá kíákíá. "Níkẹyìn, bàbá kú" kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí yóò dúró níwájú àwọn ọmọ olóògbé kí ó sọ pé "Bàbá jàjà kú", ohun tí "At last, Papa died" sì ń sọ nìyẹn.